Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Gíláàsì

Ọjọ́ tí obìnrin náà kọ́kọ́ rí i, òjò ń rọ̀ nínú yàrá, ọkùnrin náà sì gbé kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ sókè kí omi má baà wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Òjò wo? Òjò àwòrán ni! Obìnrin yìí fúnra rẹ̀ ló tẹ bọ́tìnì tí òjò náà fi ń rọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ni ibẹ̀, ibi tí àwọn atukọ̀ máa ń wá tí wọ́n bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ tó ga ju èyí tó wà lọ́wọ́ wọn lọ. Wọ́n ti ṣe yàrá kan níbẹ̀ bíi yàrá òkè ọkọ̀ tí kápítẹ́nì ti ń pàṣẹ. Ìtọ́kọ̀ wà níbẹ̀, réda wà níbẹ̀, kọ́mpáàsì wà níbẹ̀, fèrèsé ńlá sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n fèrèsé kọ́, ojú kọ̀ǹpútà ni. Òkun tó ń ru lóde rẹ̀, bí iná bá lọ pẹ́nrẹ́n, òkun náà lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn gíláàsì dúdú kan ni obìnrin náà máa ń jókòó sí. Ó ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọn ò rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìjì wà, ọwọ́ rẹ̀ ni kùrukùru wà. Òun ló ń rán àwọn ọkọ̀ mìíràn sójú omi, òun náà ló sì ń sọ̀rọ̀ fún wọn lórí rédíò. Tó bá fẹ́ jẹ́ kápítẹ́nì arúgbó, á wúkọ́. Tó bá fẹ́ jẹ́ ìyá tó ń darí èbúté, á le ohùn bíi olùkọ́ tí wọ́n jí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará ibi iṣẹ́ fi ń pè é ní Olóhùn-Méje.

Ó ti rí oríṣiríṣi láti ẹ̀yìn gíláàsì yẹn. Ó ti rí ẹni tí èébì gbé nítorí ìgbì àwòrán. Ó ti rí ọkùnrin géńdé tó kúnlẹ̀ gbàdúrà nínú ìjì tí kò lè mi abẹ́là. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé kọ́là sókè fún òjò tí kò lè pa èèrà, kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀rín pa á, ó sì yára fọwọ́ bo máìkì.

Ibẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ ti dùn o. Ó rán ọkọ̀ apẹja kékeré kan síwájú ọkùnrin náà, láti wò ó bóyá á mọ̀ pé òun ló yẹ kó yà fún un. Ọkùnrin náà gbé rédíò.

"Ọkọ̀ apẹja tó wà lápá ọ̀tún mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí yín. Èmi ni màá yà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Olóhùn-Méje ki ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ di ohùn bàbá àgbà. "A gbọ́."

"Ẹ ṣeun o. Ẹja ńkọ́? Ṣé ó ń bọ̀ sínú àwọ̀n?"

Obìnrin náà wo Kápítẹ́nì Àgbà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn atukọ̀, òun ló sì ń fún wọn ní máàkì. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹja rí. Kápítẹ́nì Àgbà gbé èjìká sókè, bí ẹni tó fẹ́ sọ pé, ṣé èmi ni mo pè é ni?

"Ẹja ò wá o jàre," ni bàbá apẹja dáhùn. "Orúnkún sì tún ń dùn mí."

"Páà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ẹ fomi gbígbóná jó o tẹ́ ẹ bá délé."

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ti sọ ọkùnrin náà ní Ẹ-Ṣeun. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ tí kò sí. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnjiníà inú rédíò tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣàròyé lọ. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Irú èèyàn wo lèyí? Ṣé orí rẹ̀ pé? Ta ló tọ́ ọ? Bí kò bá sẹ́ni tó ń wò ó, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń rí? Àbí ta ló tiẹ̀ ń wò ó, yàtọ̀ sí òun?

Ó fẹ́ mọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ohun tó fẹ́ ò ju kó mọ̀ lọ nígbà yẹn. Torí náà, gbogbo ibi tí Ẹ-Ṣeun bá wakọ̀ gbà, bàbá apẹja á yọ. Inú kùrukùru, ó yọ. Ẹnu èbúté tí wọn kì í ti í pẹja, ó yọ. Bàbá apẹja ní ìyàwó tó ń sọ̀rọ̀ jù, ó ní ọmọ tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ odò, orúnkún rẹ̀ sì ń sàn díẹ̀díẹ̀.

"Ọkọ̀ apẹja yìí mà ti pọ̀ jù o," ni Kápítẹ́nì Àgbà wí lọ́jọ́ kan, láìgbé ojú sókè. "Ẹja inú kọ̀ǹpútà yìí ò ní í tán?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ẹ̀kọ́ parí, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn gíláàsì. Ẹ-Ṣeun ni. Ó ga ju bó ṣe rí nínú yàrá ọkọ̀ lọ, ojú rẹ̀ sì ní àwọn ìlà wínníwínní tí oòrùn máa ń yà sí ẹni tó ti ń wo ọ̀ọ́kán tipẹ́. Ìgò kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá bàbá."

"Bàbá wo?"

"Bàbá apẹja. Mo mú ìpara orúnkún wá fún wọn."

Olóhùn-Méje wò ó títí. "Ẹ̀yin, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ọkọ̀ gidi ni?"

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n mo rò pé orúnkún yẹn, ti gidi ni. Ó dá mi lójú pé bàbá kan ló ń ṣiṣẹ́ níbí."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu obìnrin náà. Ó ki ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Èmi nìyẹn, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù kún ọ."

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bojú wo abẹ́ tábìlì pàápàá. Nígbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di ilẹ̀kùn mú.

"Kápítẹ́nì oníkọ́ ńkọ́?"

Ó wúkọ́ fún un.

"Ìyá èbúté? Ẹnjiníà aláròyé?"

"Èmi ni. Èmi náà ni."

"Háà! Gbogbo ayé ni mo ti ń kí láti ọjọ́ yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ mi." Ó na ìgò náà sí i. "Ìpara ńkọ́ báyìí?"

"Ẹ fi sílẹ̀. Orúnkún ìyá mi ń dùn wọ́n ní ti gidi."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ife tíì ní ilé oúnjẹ tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ìrìn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri èbúté lẹ́yìn iṣẹ́, níbi tí àwọn okùn ńláńlá ti máa ń ká jọ, tí òórùn epo àti ìpẹtà ń gba afẹ́fẹ́. Ẹ-Ṣeun ti pẹ́ lójú omi, ipò kẹta ló wà lẹ́yìn kápítẹ́nì. Ìwé àṣẹ tó ń wá yìí ló máa sọ ọ́ di igbákejì kápítẹ́nì gan-an. Ilé ẹ̀kọ́ náà ló bá a to ìwé ọdún tó ti lò lójú omi, àwọn ló mú un lọ fún àyẹ̀wò ojú, àwọn ló ń kọ́ ọ ní òfin. Ó ku ìdánwò àṣekágbá nínú yàrá ọkọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ̀ pé ọkùnrin yìí ló wá kẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin yẹn ni ìbéèrè ò tán lẹ́nu rẹ̀.

"Tí ilẹ̀ bá ń pòórá lẹ́yìn yín, ṣé ẹ máa ń rí i bó ṣe ń lọ, àbí ẹ kàn máa yíjú, kò ní sí mọ́?"

"Òórùn ló kọ́kọ́ ń lọ," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Ẹ ò ní mọ̀ pé ilẹ̀ ní òórùn àfi tó bá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú á wá sọ ọ́ nù."

"Òkùnkùn ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé bíi ti yàrá wa?"

"Yàrá yín kọ́! Iná ọ̀nà ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn yín wọlé."

Ní ọjọ́ kejì, ó ká aṣọ sí abẹ́ ilẹ̀kùn náà. Kápítẹ́nì Àgbà kọsẹ̀ níbẹ̀, ó ṣépè.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ni Ẹ-Ṣeun bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Ẹ mọ òfin òkun ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Ṣé ẹ ò tíì lọ wò ó rí?"

Obìnrin náà fi ẹsẹ̀ ta òkúta kan. Ó ti yege nínú gbogbo ìdánwò alákọsílẹ̀ tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ atukọ̀ ń ṣe. Ohun tó kù ò ju kó lo ọdún kan lójú omi lọ. Ó pẹ́ tí Kápítẹ́nì Àgbà ti ń sọ pé ààyè rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kó kàn sọ̀rọ̀ ni.

"Ìyá mi ni," ló fi dáhùn. "Bàbá mi lo gbogbo ọjọ́ ayé wọn nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá. Ìyá mi nìkan ló tọ́ wa. Tí mo bá dárúkọ òkun nílé, wọ́n á dìde kúrò nídìí oúnjẹ."

Ọkùnrin náà ò sọ pé kò dáa, kò sọ pé ó dáa. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn ni "ẹ" ti di "o" lẹ́nu wọn, tí Olóhùn-Méje sì di "Ohùn mi".

"Èwo nínú méjèèje?" ni obìnrin náà máa ń bi í.

"Èyí tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn."

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára o. Tí ìfẹ́ bá sì ti wọni lára, ilé là ń mú un lọ.

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, ìyàrá iwájú ni máṣíìnì rẹ̀ wà, kò sì jẹ́ dá ẹsẹ̀ dúró torí àlejò. Bàbá náà wà nílé. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, àmọ́ bẹ́ ẹ bá rí i bó ṣe ń kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná kó tó wọlé, ẹ ó rò pé ayálégbé ni. Ẹ-Ṣeun dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kó jókòó.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?"

"Atukọ̀ ni mí, mà."

Máṣíìnì dákẹ́ wẹ́lo.

"Atukọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, àbí atukọ̀ tó ń lọ?"

"Mà, gbogbo wa là ń lọ tá a sì ń bọ̀."

"Lílọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Bíbọ̀ ni mo ń béèrè." Màmá yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu kí ọ̀rọ̀ lè ráyè jáde. "O jọ ọmọlúàbí, mi ò ní í bú ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ní fi fóònù ṣe ọkọ. Mo ṣe é, mo mọ bó ṣe rí. Ẹ ó máa fi ohùn gbélé, ara yín ò ní sí níbẹ̀. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ohùn ò lè gbé e pọ̀n."

Bàbá ń wo inú ife tíì rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ sí i. Máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà.

Ó yẹ kí Ẹ-Ṣeun ti ibẹ̀ gbọ́n. Kò gbọ́n. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi sáré wá bá obìnrin rẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá kan ti ránṣẹ́ sí i. Bí ìwé àṣẹ náà bá ti jáde, òun ni igbákejì kápítẹ́nì wọn, wọ́n sì máa tó ọdún kan lójú omi.

"Ìgbéga nìyí, Ohùn mi! Tí mo bá ti dé, a ṣègbéyàwó. Owó á ti wà, Màmá á ti rọ̀. O kàn máa dúró dè mí díẹ̀ ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí?"

Obìnrin náà ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí.

"O ṣeun! Olúwa ṣeun!" Ọkùnrin náà ti sáré lọ, ó lọ sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Kò wojú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ọkùnrin wa yìí mú etí nìkan wá.

Obìnrin náà rìn lọ sílé, ó ń bínú sí ara rẹ̀. Kò dáa, kò dáa rárá. Ó rí ara rẹ̀ nídìí fóònù bí ìyá rẹ̀ ṣe wà, ó sì rí òkun tí yóò tún lọ láìsí òun níbẹ̀. Olóhùn-Méje, kò rí ọ̀kan lò láti fi sọ òótọ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún yín kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá fẹ́ pàdé lójú omi, òfin ti sọ èyí tó gbọ́dọ̀ yà. Èyí tí yíyà kò kàn á máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n á máa wo èkejì lójú kọ́mpáàsì. Bí èkejì bá ń sún mọ́ ọn, tí ojú ibi tó wà kò sì yí padà, wọ́n máa kọlu ara wọn ni, ohun yòówù kí ẹnu sọ lórí rédíò. Atukọ̀ kì í gba ohùn gbọ́. Ìgbésẹ̀ ọkọ̀ ló ń gbà gbọ́. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ òpùrọ́ kan fi máa ń wà nínú ìdánwò àṣekágbá, tí wọn ò sì ní sọ ìgbà tó ń bọ̀.

"Má lo ohùn bàbá apẹja lónìí," ni Kápítẹ́nì Àgbà sọ fún un. "Ohùn tìrẹ gan-an ni kó o lò. Irọ́ tó bá dára kì í wúkọ́."

Ó kù díẹ̀ kí obìnrin náà sọ pé òun ò ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́, bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn. Ó rán ọkọ̀ náà jáde láti apá òsì ọkùnrin náà. Ọkọ̀ yìí ló yẹ kó yà.

"Ọkọ̀ tó wà lápá òsì mi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí yín," ni obìnrin náà wí, ní ohùn tó fi ń pè é ní irọ̀lẹ́. "Màá gba ẹ̀yìn yín kọjá. Ẹ máa bá tiyín lọ."

Láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó rí i tí èjìká ọkùnrin náà rọlẹ̀. Ọkùnrin náà mọ ohùn náà. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gíláàsì dúdú náà, kò sì yẹ kọ́mpáàsì wò mọ́.

Wo ìta, ni obìnrin náà ń sọ nínú ọkàn rẹ̀. Jọ̀ọ́, wo ìta. Ọkọ̀ òpùrọ́ ń bọ̀ tààrà, kò yà, ó ń tóbi sí i nínú fèrèsé. Ọwọ́ obìnrin náà wà lórí bọ́tìnì. Nígbà tí Ẹ-Ṣeun fi máa gbé ojú sókè, irin ọkọ̀ kejì ti gba gbogbo fèrèsé kan. Ó pariwo, ó fa ìtọ́kọ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Yàrá náà mì tìtì, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọkùnrin náà ti bá a.

"Ìwọ lo sọ̀rọ̀ yẹn."

"Èmi ni."

"O ní wàá gba ẹ̀yìn mi."

"Mo sọ ọ́. Ṣé ọkọ̀ mi yà? Ṣé o wò ó?"

"Mi ò wò ó! Kí ni màá wò? Ohùn rẹ ni. Mo rò pé ìwọ ò lè purọ́ fún mi láyé."

"Tó bá jẹ́ òkun gidi ńkọ́?" Omi ti dé ojú obìnrin náà. "Gbogbo àwọn tó ń sùn nínú ọkọ̀ rẹ ti kú báyìí. Ṣé wàá sọ fún ìyàwó wọn pé ohùn kan ló dùn létí rẹ?"

Ọkùnrin náà yíjú, ó lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó kúrò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni láìdúpẹ́.

Wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹni tó bá fìdí rẹmi padà wá ṣe é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn gùn bí ọdún. Ẹ-Ṣeun ń wá sí ilé ẹ̀kọ́, ó ń ka òfin nínú yàrá ìkàwé, kò gba abẹ́ àtẹ̀gùn kọjá. Obìnrin náà ń ṣe ìyá èbúté, ó ń ṣe ẹnjiníà, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá ara rẹ̀ le. Ó rò pé inú ìyá òun á dùn. Ìyá náà kàn wo ojú rẹ̀ tó wú, ó sún oúnjẹ sí i lọ́dọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ku díẹ̀, Kápítẹ́nì Àgbà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Mo bá ọkùnrin rẹ sọ̀rọ̀. Mo ní ẹlòmíì lè sọ̀rọ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ náà."

"Kí ló wí, sà?"

"Ó kọ̀. Ó ní ìwọ ni kó ṣe é."

Nígbà tó di ọjọ́ náà, obìnrin náà fi kùrukùru fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo òkun, ó rán ọkọ̀ jáde, ó tún lo ohùn tirẹ̀. "Mo rí yín. Màá gba ẹ̀yìn yín kọjá."

Ọkùnrin náà gbé rédíò.

"Mo gbọ́ yín. Ẹ ṣeun," ló wí. Lẹ́yìn náà ó fi rédíò sílẹ̀, ó lọ sídìí kọ́mpáàsì, ó wò ó. Ó dúró. Ó tún wò ó. Ó lọ sẹ́nu fèrèsé, ó wo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó wá fọn fèrè léraléra, ó sì yí ọkọ̀ rẹ̀ sápá ọ̀tún nígbà tí ààyè ṣì pọ̀. Ọkọ̀ òpùrọ́ náà kọjá lọ sínú kùrukùru.

"Ẹ̀hẹ́n," ni Kápítẹ́nì Àgbà wí, ó sì fàmì sí ìwé rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá ti jáde lọ kí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn gíláàsì tó dún. Obìnrin náà mọ ẹni tó ń kàn án. Ó ní kó wọlé.

"O yege," ló wí. "O kú oríire."

"O ṣeun." Ọkùnrin náà fa àga, ó jókòó síwájú rẹ̀ gan-an. "Mo bá ọ bínú torí irọ́ tí wọ́n ní kó o pa. Èmi ni mo jẹ̀bi. Lọ́jọ́ yẹn lẹ́nu géètì, o ní 'ó dáa', mo gbọ́ ohun tí mo fẹ́ gbọ́, mo sì sáré lọ. Mi ò wò ọ́. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí. Mo ń wò ọ́ báyìí. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Obìnrin náà gbìyànjú. Ẹnu rẹ̀ là, kò sí ohùn kankan níbẹ̀. Nígbà tó fi máa jáde, ohùn kékeré kan ni, èyí tí kò lò rí lórí rédíò.

"Kò dáa."

"Kí ni kò dáa, ìfẹ́ mi?"

"Mo fẹ́ ọ. Má ṣì mí gbọ́ o. Mo fẹ́ ọ débi pé ó ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ jókòó sílé kí n máa dúró de ohùn ẹnì kan. Èmi náà fẹ́ rí ibi tí òórùn ilẹ̀ ti ń tán. Ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti sọ fún Kápítẹ́nì Àgbà pé mò ń bá wọn lọ. Ọdún kan ni."

Ó sọ ọ́ tán, ó wá ń wo ojú ọkùnrin náà. Tí ojú yẹn bá pa dé, ó ti parí nìyẹn, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà họ ọrùn. "Tí mo bá bá ọkọ̀ ńlá lọ, tí ìwọ náà bá lọ, ta ló wá máa dúró?"

"Mi ò mọ̀."

Ó ronú díẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́bàá ẹnu rẹ̀. "Ọkọ̀ kékeré kan wà ní èbúté tó máa ń gbé àwọn afọ̀nàhanni, àwọn tó ń darí ọkọ̀ wọ èbúté, lọ bá àwọn ọkọ̀ ńlá lẹ́nu omi. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa wà á. Iṣẹ́ náà kéré sí ìwé àṣẹ mi, àwọn ẹgbẹ́ mi á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń padà sílé lójoojúmọ́."

"Ìwọ? Wàá dúró dè mí?"

"Mi ò dúró de ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Èmi ni wọ́n máa ń dúró dè. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí." Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Fẹ́ mi kó o tó lọ, Ohùn mi."

"Tí dídúró bá wá sú ọ ńkọ́?"

"Màá sọ fún ọ, mi ò ní ní 'ó dáa'."

Ó gbà. Ọkùnrin náà ò sì tíì dìde, ó ṣì ń wojú rẹ̀.

"Kí lò ń wò?"

"Mo ń rí i dájú ni."

Ó wá ku Màmá. Ẹ-Ṣeun ní òun á dá lọ, obìnrin náà ní irọ́ ni, wọ́n sì jọ lọ. Ọmọ ló sọ ti òkun fúnra rẹ̀, ní ìdúró. Màmá ò pariwo. Ó kàn ń tẹ́ ìdí aṣọ tó ń rán, ó ń tẹ́ ẹ, aṣọ tó ti tẹ́ tipẹ́.

"Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan á dé tí òkun á pè ọ́," ló wí. "Bí mo ṣe ń sá fún un tó. Ìwọ ńkọ́, bàbá atukọ̀? Ìwọ náà ń lọ sí tìẹ?"

"Rárá, mà. Èmi ni mo wà nílé." Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. "Màmá, èmi ni màá dúró. Mo wá bẹ̀ yín ni. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀, mo ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dúró deni, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù lọ nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Màmá gbé ojú sókè. Gbogbo ọdún tó fi tọ́ ọmọ láìsí ọkọ nílé, wọ́n ti káàánú rẹ̀, wọ́n ti yìn ín, wọ́n ti ní ó kú ìfaradà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fi etí aṣọ oníbàárà nu ojú.

Bàbá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Èmi ò béèrè rí. Mo máa ń sọ ibi tí mo dé fún un. Mi ò béèrè bó ṣe ń ṣe é rí."

"Ẹ ò béèrè," ni Màmá dáhùn. Kò fi ìbínú sọ ọ́.

Ó ti máṣíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀, ó na ọwọ́ sí Ẹ-Ṣeun.

"Dìde nílẹ̀, ọkọ ọmọ mi. Jókòó síbí. Àkọ́kọ́, má máa ka ọjọ́. Ẹni tó bá ń ka ọjọ́, ọjọ́ kì í lọ fún un. Èkejì, tó bá pè, má kọ́kọ́ bi í ní ìgbà tó ń bọ̀. Bi í pé kí ló jẹ."

"Tí kò bá wá pè ńkọ́, mà?"

Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó sì yíjú sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyẹn ló le jù níbẹ̀," ló wí. "Bàbá, ẹ gbé àga wá. Kí ẹ̀yin náà wá gbọ́ ọ."